Àpò Gaàrí Tó Bá Wa Dé Padua

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sí ẹni tó wá kí mi tí kì í bi mí pé báwo ni Ítálì ṣe rí. Bí mo bá ní ó dára, wọn á ní kí n má fi nǹkan pamọ́. Bí mo bá ní ó le, wọn á wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹ má retí ìròyìn ilé gogoro àti ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta funfun. Fọ́tò wọn pọ̀ níta. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ọkọ mi ṣe kó èmi àti ọmọ méjì sínú ọkọ̀ kan, tó ní ká máa gbé inú rẹ̀ kiri, àti bí àpò gaàrí kan ṣe di adájọ́ láàárín wa.

Nichelino

Ẹ̀yìn ìlú Turin, níhà gúúsù, ni Nichelino wà. Ibẹ̀ là ń gbé láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn, ní àjà kẹrin ilé kan tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Ọkọ mi, Bàbá Títí, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń so ilẹ̀kùn mọ́ mọ́tò. Iṣẹ́ alẹ́ ni tirẹ̀. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, iṣẹ́ àárọ̀ ni tèmi. Ẹnu ọ̀nà la ti máa ń pàdé. Bó ti ń wọlé ni mò ń jáde. Màá ní "ẹ kú iṣẹ́," òun á ní "ó dàbọ̀," ó parí. Ọdún gbọọrọ la fi ṣe tọkọtaya báyìí, bí ọlọ́dẹ méjì tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ ní mọ́tò kò tà mọ́, kí àwọn kan lọ sinmi nílé ná. Cassa integrazione ni wọ́n ń pe irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, ojú ẹni tí wọ́n bá fún kì í sì í dára. Àwọn ẹlòmíràn gba Saluzzo lọ láti lọ ká èso. Àwọn kan lọ ń tajà ní ọjà Porta Palazzo. Bàbá Títí ẹ̀wẹ̀, kámpà ló gbé wálé.

Fún ẹni tí kò bá rí i rí, kámpà jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sí lẹ́yìn: ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ènìyàn kò lè yí padà nínú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àgbàlagbà kan tí mò ń tọ́jú ló ni ín. Ojú rẹ̀ kò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́, ó sì ní dípò kó máa dípẹtà, kí ọmọlúàbí kan máa gbé e rìn. Mo ti ń fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ bàbá yìí láti ọdún mélòó kan wá, n kò mọ̀ pé irú oore tó fẹ́ fi san án fún mi nìyẹn.

"Ìyá Títí," ọkọ mi wí, "ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ mọ́tò. N kò mọ ibi tí wọ́n ń wà wọ́n lọ. Mo fẹ́ lọ wò ó."

"Ẹ wò ó lójú fèrèsé."

"Ká máa lọ ni. Bá a bá rí Ítálì tán, ká sọdá sí ibòmíràn. Ọdún kan, ọdún méjì, títí ẹsẹ̀ kámpà á fi kọ̀."

"Kí la máa wí fún àwọn ará ìjọ? Pé a kó jáde nínú ilé, a kó wọnú mọ́tò? Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa gbàdúrà ìdáǹdè fún wa?"

Mo fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé dè é, ó ní òun ti bi wọ́n, òbí lè máa kọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ òtútù dè é, ó ní ẹ̀ẹ̀rùn la wà. Ká má purọ́, ìtìjú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó ti Nàìjíríà wá, tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ṣé ó yẹ kó tún di aláìnílé? Àwọn ọmọ sì ti wà lórí ibùsùn kámpà, wọ́n ń fò sókè sódò, wọ́n ń pariwo "Andiamo! Andiamo!" pé ká máa lọ. Títí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, Kúnlé jẹ́ méje. Yorùbá la ń sọ sí wọn, èdè Ítálì ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn, bí ẹni pé a jọ gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo rí i pé ẹni mẹ́ta ti dìtẹ̀ mọ́ mi, mo fa ìlà sílẹ̀. Mo ní àpò gaàrí kan, ńlá, tó dé àyà Kúnlé. Ọwọ́ obìnrin ará Benin kan ní Porta Palazzo ni mo ti rà á. Gaàrí pupa ni, èyí tí wọ́n fi epo yan. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, funfun tó kan ni tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Turin kì í ṣa gaàrí yàn.

"Ọjọ́ tí gaàrí yìí bá tán," mo wí, "ọjọ́ yẹn ni kámpà ń padà sí Nichelino. A ò sì gbọdọ̀ ra gaàrí mìíràn lójú ọ̀nà."

Bàbá Títí wo àpò náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀. "Mo gbà," ó ní. Ó rò pé yóò gbé wa dé ọdún tuntun. Kò mọ irú ẹni tó fẹ́.

Arona

Etí adágún odò kan la kọ́kọ́ dúró sí, ní Arona, nínú ọgbà tí àwọn onílé-orí-ọkọ̀ ń pàgọ́ sí. Omi náà tẹ́ lọ rẹrẹ, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fẹ́ gbà pé ó dára, àmọ́ mo fajú ro nítorí Bàbá Títí ń wò mí.

Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń kó wá sí ìsinmi kò ṣeé gbà gbọ́. Wọ́n gbé tábìlì jáde, wọ́n tẹ́ aṣọ sí i, wọ́n gbé òdòdó inú ìkòkò sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan gbé ẹyẹ nínú àgò wá. Gbogbo wọn ń wò wá lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé wọn kò wò wá.

Ìrọ̀lẹ́ dé, mo tẹ ẹ̀bà, mo se ẹ̀gúsí, a jókòó síta. Bí a ti bẹ̀rẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀ ń kọjá nínú sálúbàtà, táwẹ́lì lọ́rùn. Ẹ̀yin náà ẹ sọ: ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé lè máa jẹun lójú ènìyàn kó má ní kó wá jẹun? Mo gbójú sókè, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Venite, venite a mangiare!"

Nílé níbí, ẹni tí a bá sọ fún pé kó wá jẹun, bí ebi fẹ́ẹ́ pa á kú, "ó á gba ibi ire" ni yóò wí, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Oúnjẹ kọ́ la fún un, iyì ni. Àwọn méjèèjì yìí dúró, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì lọ. Mo ní ó dáa, ẹ̀kọ́ ilé wà níbí náà.

Kò pẹ́ ni mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Bàbá gbé àga méjì sábẹ́ abíyá. Ìyá gbé àwo, fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ àti ìgò ọtí kan. Wọ́n jókòó. Wọ́n so aṣọ mọ́ ọrùn. Wọ́n ń dúró.

Ẹ ò bá rí ojú Bàbá Títí. Òkèlè wà ní agbedeméjì àwo sí ẹnu rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Mo bù fún wọn, kí ni mo tún lè ṣe? Wọ́n fi ọ̀bẹ gé ẹ̀bà bí ẹni gé kéèkì. Bàbá fa wàràkàṣì jáde nínú àpò, ó rẹ́ ẹ sórí rẹ̀. Kúnlé kígbe, "Mamma, il formaggio!" pé Màmá, ẹ wo wàràkàṣì, àfi bí ẹni tó rí olè. Nígbà tí ata ẹ̀gúsí dé ọ̀fun bàbá náà, etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní "Buono! Buono!" pé ó dùn, ó sì na àwo padà pé kí n tún bù sí i. Ìyá rọ ọtí fún wa. Ìjọ tiwa kì í mu ún. Bàbá Títí ní kí a má dójú ti àlejò, ó sì bá mi mu tèmi mọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó ki orí bọ inú àpò gaàrí.

"Ìyá Títí, má tún sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ṣé kí n máa kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn jẹun bí ajá?"

Ibẹ̀ gan-an ni iná tàn lórí mi. Bí "ẹ wá jẹun" ẹyọ kan bá lè mú gaàrí lọ tó báyìí, mélòó ló kù kí n tó rí Nichelino? Láti ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ kọjá níwájú kámpà wa ti rí oúnjẹ. Mo pe ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe. Mo pe ará Jámánì kan àti ajá rẹ̀. Mo pe sísítà méjì tó ń lọ sí ìsìn, wọ́n ní ìsìn lè dúró díẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó dáhùn pé ó á gba ibi ire. Ìmọ̀wàhù mi ń wú mi lórí, gaàrí ń wálẹ̀, Bàbá Títí ń rù.

Bergamo

Bergamo wà lórí òkè, a sì fi ẹsẹ̀ gùn ún débi pé eegun mi ń dún. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń dúró mu kọfí ni: wọ́n wọ búkà, wọ́n kí, wọ́n dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan bí ẹni mu àgbo, wọ́n ti lọ. Oúnjẹ wọn ni polenta, ìyẹ̀fun àgbàdo pupa tí wọ́n ń rò lórí iná títí á fi le. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń ṣe àkàrà òyìnbó aládùn ní àwòrán rẹ̀, wọ́n sì fi ẹyẹ kékeré tí wọ́n fi ṣokoléètì mọ lé e lórí. Títí àti Kúnlé jà nítorí ẹyẹ yẹn láàárín ìgboro, tí ẹnu sì yà gbogbo ìlú.

Bergamo ni gaàrí ti dẹ́kun àtitán.

Mo fún ènìyàn mẹ́jọ lóúnjẹ, àpò kò yẹ̀. Mo pe ìdílé Jámánì kan tí wọ́n sanra dáadáa, àpò dúró bó ṣe wà. Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ ìyanu ni. Mo kúnlẹ̀ nínú kámpà, mo dúpẹ́, mo sì bi Ọlọ́run tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé ṣé Ó lè dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń tẹ ẹ̀bà. Ẹ̀bà tí mò ń tẹ̀ yìí kò fà mọ́. Ó ń dùn lẹ́nu bí ẹ̀kọ ọmọdé. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fi díẹ̀ sẹ́nu, kò sí òórùn epo nínú rẹ̀ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gba ọ̀nà balùwẹ̀ lọ, mo rántí pé n kò mú ọṣẹ, mo padà. Mo wo ojú fèrèsé. Bàbá Títí kúnlẹ̀ síwájú àpò, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń da polenta sínú gaàrí mi láti inú páálí, irú èyí tí wọ́n ti sè tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ pé omi gbígbóná lásán ló ń fẹ́. Ó ń fi ọwọ́ rò ó dé ìgúnpá. Ó sì ń fi ẹnu súfèé orin ìyìn.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ó yẹ kí n gbá ilẹ̀kùn wọlé. Gaàrí tòótọ́ ti tán, mo ti borí, ọ̀nà Nichelino ti ṣí. Àmọ́ ẹ̀rín ló mú mi. Mo ki táwẹ́lì bọ ẹnu kí ó má baà gbọ́, mo sì pinnu pé màá fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ọjọ́ tó bá mú mi bínú ni màá fà á yọ.

Verona

Ó mú mi bínú lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. N kò fà á yọ.

Òjò rọ̀ kí a tó dé Verona, òrùlé kámpà sì jò sórí ibùsùn Kúnlé. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ara wa mọ́ ibùsùn kan ní ọ̀sán gangan, Bàbá Títí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe gun igi àgbálùmọ̀ tíṣà rẹ̀ nígbà tó wà léwe, tí tíṣà dé, tí òun wá ń ké bí òwìwí lórí igi títí tíṣà fi sá wọlé lọ gbàdúrà. Ó ké bí òwìwí fún wa. Títí rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ sílẹ̀. Mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí láti ọdún méjìlá, n kò mọ̀ pé ó lè ké bí òwìwí. Ìgbà wo ni màá ti mọ̀? Ẹnu ọ̀nà la ti ń pàdé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó dùn mí pé kò tètè rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, a wọ aṣọ àǹkárá wa, a rìn lọ sí ìgboro. Gbogbo ojú wà lára wa. Ìyá kan fọwọ́ kan irun dídì Títí, ó bi í pé ta ló ni ín, Títí ní "È mio!" pé tòun ni, pẹ̀lú ojú tí mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún. Nígbà tí a padà dé ìdí kámpà, bàbá arúgbó kan wá bá Kúnlé, ó rí aṣọ wa àti kámpà wa, ó rò pé eléré ni wá. Ó ní aago mélòó ni eré ń bẹ̀rẹ̀? Kúnlé kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. "Alle sei," ó ní, aago mẹ́fà.

Nígbà tó di aago mẹ́fà, àwọn ènìyàn ti yí kámpà wa ká, wọ́n gbé ọmọ sọ́rùn. Bàbá Títí ní ká tọrọ àforíjì. Mo ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀, ìlú ti jáde. A kọ orin ìjọ mẹ́ta, èmi ń pàtẹ́wọ́, Títí ń lu ìdí ìkòkò, Bàbá Títí ń jó tí ìbàdí rẹ̀ ń dún. Ó tún ké bí òwìwí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé wa lọ sílé. Ẹ̀yin mọ ohun tí mo sọ nígbà tí eré parí: "Venite a mangiare!" Wọ́n wá o, gbogbo wọn.

Bí gbogbo wọ́n ṣe lọ tán, mo wo inú àpò, ó ti fẹ́ẹ́ kan ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kejì jẹ́ Àìkú, a ti dé Vicenza, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì, Bàbá Títí ń rìn yí kámpà po bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Mo dúró títí tó fi lọ pọn omi. Mo fa páálí polenta méjì jáde lábẹ́ ibùsùn, èyí tí èmi fúnra mi ti rà pamọ́, mo dà á sínú àpò, mo rò ó pọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà mí nígbà yẹn pé ẹnì kan á sọ ọ́ síta. Bàbá Títí lè fi polenta yí àdéhùn po, ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ lójú rẹ̀, kì í jiyàn. Yóò yí orí ọkọ̀ padà, a ó sì tún máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Padua

Alhaji Ràsákì ló wá pàdé wa ní Padua. Ọmọ ìlú Bàbá Títí ni, ilé ìkẹ́rùsí ló ń bá ṣiṣẹ́. A ń pè é ní Alhaji bó tilẹ̀ jẹ́ pé Padua ló jìnnà jù tó tíì dé. Ó kí wa kí wa, ó gbé Kúnlé sókè, ó yẹ kámpà wò, ó ní òun kò rí Yorùbá tó ń ṣe irú èyí rí, inú rẹ̀ sì dùn.

Mo gbé oúnjẹ síta. Mo ní, "Alhaji, ẹ wá jẹun."

"Ó á gba ibi ire o, ìyàwó wa."

Omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú mi. Láti Arona, òun nìkan ló mọ èsì rẹ̀. Mo tún un sọ, ó tún kọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó jókòó, ó fọwọ́, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti jẹ ẹ̀bà gbígbóná. Ó bu òkèlè, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó dúró. Ó bu òmíràn láìfi kan ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó ń tọ́ ọ wò bí ẹni tí ń wá eegun nínú ẹja.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú o. Kí nìyí?"

"Ẹ̀bà ni, Alhaji."

"Ẹ̀bà kẹ̀? Polenta nìyí! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e fún wa níbi iṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìyá mi. Kò sí gaàrí kankan nínú èyí."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Títí, tó mọ àdéhùn wa dáadáa, gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Allora torniamo a casa?" ó béèrè, pé ṣé a ń padà sílé nìyẹn.

Bàbá Títí nu ọwọ́ rẹ̀. Kò wo ojú mi. "Ìyá Títí, n kò ní purọ́. Gaàrí ti tán láti Bergamo. Èmi ni mò ń da nǹkan sí i. Àdéhùn ni àdéhùn. Lọ́la a ó yí orí ọkọ̀ padà." Ó na ọwọ́ láti gbé àwo kúrò níwájú àlejò, ojú rẹ̀ sì bà mí nínú jẹ́ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Mo gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e padà sórí tábìlì. Mo bu òkèlè kan tó tó ìkúùkù, mo fi run ọbẹ̀, mo gbé e mì lójú gbogbo wọn.

"Alhaji," mo wí, "ó ti pẹ́ tí ẹ ti kúrò nílé. Gaàrí ni."

Alhaji la ẹnu. Ó wò mí. Ó wo Bàbá Títí, ó wo àwọn ọmọ tí wọ́n di ẹnu mú. Àgbà ni, ilé ayé ti yé e. Ó bu òkèlè mìíràn, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Hẹn-ẹn. Ahọ́n mi ló ń ṣe mí. Gaàrí ni."

Bàbá Títí rọra bu tirẹ̀.

"Gaàrí tó dáa ni," ó ní, ó sì nawọ́ sí òmíràn.